Ìwé Ẹja Tí Kò Pé

Malu Road, Àpápá
Ọjọ́ kẹrin oṣù Kejì, 2024

Àdùfẹ́ ọmọ mi,

Báwo ni nǹkan níbẹ̀ yẹn? Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, Onoriode. Mo gbọ́ pé òtútù ti le ní Hull, ẹ máa wọ aṣọ tó nípọn. Èmi wà, orúnkún mi náà wà, àwa méjèèjì ṣì jọ ń bára wa fà á. Ṣọ́ọ̀bù ò burú, àfi omi ẹrẹ̀ ojú títì yìí tí àwọn tírélà ń ta sí wa lára láràárọ̀.

Perpetual tó ń kó fíríìjì tòkunbọ̀ wọlé dé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ó gbé ìwé ẹja oṣù Kìíní tó o fi rán an fún mi. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ. Láti ìgbà tó o ti dé òkè òkun, o ò gbàgbé lóṣooṣù láti ra ìwé àwọn tó ń sin ẹja inú táǹkì fún bàbá rẹ. Ọlọ́run ò ní gbàgbé ìwọ náà.

Ṣùgbọ́n Àdùfẹ́, inú ń bí mi, mi ò sì ní fi pa mọ́. Kí ló ṣe àwọn tó ń ṣe ìwé yìí? O mọ̀ pé àwọn ti àtijọ́, èyí tí mo ń gbà lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ inú ọkọ̀ nígbà tí mo ṣì ń ṣe tálì kílàákì ní wáàfù, ṣì wà nínú páálí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. Láyé ìgbà yẹn, ẹni tó bá máa kọ̀wé nípa ẹja kan á ti sìn ín títí ẹja náà á fi bímọ fún un. Á ti pa díẹ̀ nínú wọn pẹ̀lú, á sì sọ bó ṣe pa wọ́n, kí ìwọ má bàa pa tìẹ. Tó o bá kà á tán, wàá mọ ohun tí ẹja náà fẹ́ àti ohun tó kórìíra. Àwòrán ló kù báyìí. Àwòrán ẹja kan á gba ojú ìwé méjì, ọ̀rọ̀ abẹ́ ẹ̀ ò sì ní ju pé ó rẹwà. Ṣé èmi ò lójú ni? Ẹni tó kọ ọ́ ò tíì ki ọwọ́ bọ omi táǹkì rí, ó hàn lára ẹ̀.

Wọn ò tiẹ̀ mọ ọ́nkà mọ́. Èmi tí mo fi gbogbo ọjọ́ orí mi ka ẹrù láti inú ọkọ̀ bọ́ sórí ilẹ̀, mo ka ojú ìwé wọn. Ó dé méjìdínlógójì, ó fò lọ sí mọ́kànlélógójì. Tó bá jẹ́ ẹrù ọkọ̀ ni, mi ò bá ti kọ "kò pé" sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, kí ọ̀gá ọkọ̀ wá ṣàlàyé ara ẹ̀.

Èyí tó wá dùn mí jù nìyí. Ẹja kan wà lọ́dọ̀ mi tí ihò ń yọ níwájú orí ẹ̀, ihò kéékèèké bíi pé ẹnì kan fi abẹ́rẹ́ gún un. Mo ṣí ìwé oṣù Kìíní, mo rí àkọlé gàdàgbà: àìsàn ihò orí. Inú mi dùn, mo fi í pa mọ́ di Sunday. O mọ ìṣe wa: nígbà tí ṣọ́ọ̀ṣì bá ti tú, tí ìrun Àsárì ò sì tíì tó, gbogbo àwa tá à ń sin ẹja láti Amùkòkò dé Boundary á jókòó níwájú ṣọ́ọ̀bù mi, Dickson tó ń ṣáàjì bátìrì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi á sì ka ìwé ẹja sókè, á máa túmọ̀ ẹ̀ bó ṣe ń lọ. Oògùn tí wọ́n dárúkọ, fílájì ni! Fílájì yìí náà tá à ń lò tí inú bá ń run wá! Gbogbo èèyàn pariwo. Dickson kà á dé ibi tí wọ́n ti ní, "Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ tó fi oògùn sí i, ẹ rí i dájú pé ẹ kọ́kọ́." Ó ṣí ojú ìwé tó tẹ̀ lé e, ó bá ọ̀rọ̀ ìgbín pàdé. Ìgbín inú omi àti bó ṣe ń yé ẹyin.

Kọ́kọ́ ṣe kí ni? Àdùfẹ́, kọ́kọ́ ṣe kí ni?

Jọ̀ọ́, lọ bá wọn ní ọ́fíìsì wọn. Sọ fún wọn pé àgbàlagbà kan ní Àpápá ní kí wọ́n parí ọ̀rọ̀ ẹnu wọn. Má fi falẹ̀.

Èmi ni bàbá rẹ,
Sùlè Adékànmí


Hull
Ọjọ́ kẹwàá oṣù Kẹta, 2024

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín, ẹ kú ojú lọ́nà. Ẹ má bínú pé èsì mi pẹ́. Iṣẹ́ alẹ́ ni wọ́n gbé mi sí báyìí nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó, tí mo bá sì fi máa dé ilé láàárọ̀, ojú mi kì í là dáadáa mọ́.

Mo ka ìwé yín. Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà inú bí èmi náà díẹ̀. Bàbá, bí ìwé ẹja ṣe rí nìyẹn láyé ìsinsìnyí. Àwọn tó mọ ẹja dáadáa kì í kọ̀wé síbẹ̀ mọ́, orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń bára wọn sọ̀rọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Èèyàn tó ń ra ìwé ò pọ̀ mọ́, ìpolówó ló ń bọ́ wọn. Ẹ ẹ̀ rí bí ìpolówó ṣe kún inú ẹ̀ bámúbámú ni? Táǹkì, gílóòbù, oúnjẹ ẹja oríṣiríṣi, a ò mọ èyí tí wọ́n ń tà gan-an mọ́. Ẹ ní kí n lọ bá wọn. Ọ́fíìsì wọn jìnnà sí mi bí Èkó ṣe jìnnà sí Ìlọrin. Kí n wá wọkọ̀ lọ bá òyìnbó jà torí ọ̀rọ̀ ìgbín? Dickson ní fóònù tó dáa, ẹ ní kó bá yín wá a níbẹ̀.

Ohun tó dùn mí ni pé ojú ìwé méjì gbáko lẹ fi sọ̀rọ̀ ẹja. Ti èmi àti òtútù, ìlà kan ni. Mo mọ̀ pé ẹ fẹ́ràn mi, ṣùgbọ́n nígbà mìíràn ó máa ń ṣe mí bíi pé ẹja ló yẹ kí n jẹ́ kẹ́ ẹ tó lè bi mí bóyá mo jẹun.

Mo ti kó kúrò nílé tí mò ń gbé tẹ́lẹ̀. Àdírẹ́sì tuntun wà lẹ́yìn àpò ìwé yìí, ẹ bá mi kọ ọ́ síbì kan. Ara mi le, iṣẹ́ ń lọ.

Mo fi ìwé oṣù Kejì àti ti oṣù Kẹta rán Perpetual. Ó ń kùn pé báàgì òun ti kún, pé ohun tó bá fúyẹ́ nìkan lòun máa gbà, ṣùgbọ́n mo wá ọgbọ́n dá sí i, ó gbà á.

Ọmọ yín,
Ọmọ́lẹ́yẹ


Malu Road, Àpápá
Ọjọ́ keje oṣù Kẹrin, 2024

Àdùfẹ́,

Mo kí ọ. Mo gbọ́ ẹ̀sùn rẹ, mo sì gbà á. Ṣé o ń jẹun? Ó yá, mo ti béèrè.

Ìpolówó wo lò ń sọ? Èmi ò rí ìpolówó kankan nínú ìwé tí wọ́n ń gbé fún mi. Bóyá ìwé mìíràn lò ń kà. Èyí tó wà lọ́wọ́ mi, ti oṣù Kẹta, ó ti rù bí ọmọ tí wọ́n já lẹ́nu ọmú láìtọ́jọ́. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni ò lórí, méjì ni ò nídìí. Ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ láti àárín: "Nítorí náà, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́." Kí la ṣe?

O ní kí Dickson wá a lórí fóònù. Ó wá a. Ẹnì kan ní ká fi iyọ̀ sí i, ẹnì kan ní iyọ̀ ló máa pa á. Ẹnì kan ní ká mú omi gbóná, òmíràn ní ooru ló fa àìsàn náà. Orúkọ wọn kì í ṣe orúkọ èèyàn, àwòrán ológbò ni wọ́n fi síbi tó yẹ kí ojú wọn wà. Ìdí tí mo fi fẹ́ràn ìwé nìyẹn, bó ti wù kó bàjẹ́ tó. Ẹni tó kọ ọ́ fi orúkọ ẹ̀ sábẹ́ ẹ̀. Tó bá tàn mí jẹ, mo mọ ẹni tí mo máa bú.

Ìjókòó Sunday wa ti ń di yẹ̀yẹ́. Dickson ò fẹ́ kàwé mọ́, torí tó bá ti kan ibi tí ọ̀rọ̀ ti já, ẹ̀rín ni wọ́n máa ń bú sí. Wọ́n ti wá sọ ọ́ di eré, kóówá á máa fi tiẹ̀ parí ọ̀rọ̀ òyìnbó. Ebinimi tó ń ta kòkòrò tí ẹja ń jẹ ní Amùkòkò ní òun mọ ohun tá a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣe: "Before you put medicine, make sure say you don first greet the fish. Fish sef get respect." Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Mo da fílájì sínú omi láìmọ ohun tí mo yẹ kí n kọ́kọ́ ṣe. Kò ṣe nǹkan kan. Mo fi kún un, kò ṣe nǹkan kan náà. Ihò náà ń fẹ̀ sí i. Mo sì mọ̀ pé ìdáhùn wà lójú ìwé kan níbì kan láyé yìí.

Mo wá jókòó, mo rò ó bí tálì kílàákì. Bí ẹrù ò bá pé, èèyàn á bi ara ẹ̀ léèrè ọwọ́ ta ló gbà kọjá. Òyìnbó, ìwọ, Perpetual, èmi. Òyìnbó ò lè tẹ ìwé tó ń fò bẹ́ẹ̀ kí wọ́n máa rà á. Ìwọ ni ọmọ mi. Mo gba ṣọ́ọ̀bù Perpetual lọ, mo rí i pé bébà tó ń dán ni wọ́n fi di àwọn ife gíláàsì tó ń tà. Mo bi í níwájú àwọn oníbàárà ẹ̀ bóyá ìwé ẹja mi ló ń fi di ẹrù. Àdùfẹ́, ó pariwo débi pé àwọn tó ń já ẹrù lọ́kọ̀ dúró. "Oga Tally! Na me you dey call thief? Me wey dey carry your book for hand like egg!" Ó ní òun ò ní bá mi gbé ewé bébà kan mọ́ láyé òun. Kó má gbé e. Ìwé yìí, pósíọ́fíìsì ni mo gbà.

Onoriode ńkọ́? Tẹ́lẹ̀, ó máa ń fi ọwọ́ ara ẹ̀ kọ ìkíni ẹ̀ sísàlẹ̀ ìwé rẹ. Ṣé ó ti ń bínú sí mi ni?

Bàbá rẹ


Hull
Ọjọ́ ogún oṣù Kẹrin, 2024

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀, mi ò sì ní dìde títí ẹ máa fi kà á tán.

Kí ìwé yín tó dé ni Perpetual ti pè mí lẹ́nu iṣẹ́. Ó ń sunkún débi pé mi ò kọ́kọ́ gbọ́ ohun tó ń sọ. Ó ní bàbá mi pe òun lólè níwájú àwọn tó ń pe òun ní Madam. Mo pe fóònù yín títí, ẹ ò gbé e. Mo mọ̀ pé ẹ máa ń jù ú sínú dúrọ́ọ̀ tí inú bá ti ń bí yín.

Bàbá, Perpetual ò mọ nǹkan kan. Èmi ni.

Láti oṣù Kejìlá ló ti ń ṣàròyé pé ìwé yẹn wúwo. Mo wá ronú pé ìpolówó táǹkì òyìnbó, kí ni bàbá mi fẹ́ fi ṣe? Kí n tó fún un ní ìwé náà, mo máa ń jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, màá fi bíléèdì gé gbogbo ojú ìwé tí mo bá rí ìpolówó lára ẹ̀, kó lè fúyẹ́. Mo máa ń gé e dáadáa kó má ṣe rí wúruwùru, torí mo mọ̀ pé ẹ ò fẹ́ràn ìwé tó ya. Tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, tí oorun ń kùn mí, apá kan ni mo máa ń wò. Mi ò yẹ ẹ̀yìn ẹ̀ wò. Ẹ̀yìn ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ ń wá wà.

Mo rò pé mò ń ràn yín lọ́wọ́ ni. Ẹ̀yin sì jókòó síbẹ̀, ẹ ń bú àwọn òyìnbó pé wọn ò mọ ọ́nkà. Àwọn tó ń ṣe ìwé náà ò láṣìṣe tó báyìí, àwòrán wọn nìkan ló pọ̀ jù.

Àwọn tí mo gé náà ti lọ pẹ̀lú pàǹtírí bébà. Mo ti lọ sí ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń rà á, ti oṣù Kìíní ti tán. Mò ń wá a.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ Perpetual. Ẹja wo gan-an ló ń ṣàìsàn? Ẹ sọ̀rọ̀ títí, ẹ ò dárúkọ ẹ̀.

Ọmọ́lẹ́yẹ


Malu Road, Àpápá
Ọjọ́ karùn-ún oṣù Karùn-ún, 2024

Ọmọ́lẹ́yẹ,

Ìwé rẹ dé.

Mo lọ sílé Perpetual ní Amùkòkò láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Mo dọ̀bálẹ̀ fún un. Èmi, arúgbó tó ní orúnkún burúkú, mo dọ̀bálẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà níbi tí àwọn ará ilé ẹ̀ ti ń pọnmi, torí ojúta ni mo ti pè é lólè, ojúta náà ló yẹ kí n ti bẹ̀ ẹ́. Òun ló fà mí dìde. Ó ní òun ti gbọ́, ṣùgbọ́n òun ò tíì lè rẹ́rìn-ín sí mi.

Lọ́jọ́ Sunday, mo sọ fún àwọn tó jókòó pé wọn ò gbọ́dọ̀ bú òyìnbó mọ́, pé ọmọ mi ló gé ìwé náà. Mo rò pé wọ́n máa rẹ́rìn-ín. Wọn ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ń wo ilẹ̀ nítorí tèmi. Ìyẹn ló dùn mí jù nínú gbogbo ẹ̀.

Ta ló sọ fún ọ pé mi ò fẹ́ ìpolówó? Láyé àtijọ́, ara ìpolówó ni mo ti ń wo bí wọ́n ṣe ń kan táǹkì. Èyí tó wà nílé wa nígbà tó o wà ní kékeré, tó ní etí mẹ́fà, ara ìpolówó ni mo ti wò ó kàn. O gé ohun tí o kò béèrè bóyá mo fẹ́.

O bi mí pé ẹja wo. Alága ni.

Alága tìẹ. Èyí tó o mú nínú táǹkì mi nígbà tí kò tíì gùn tó ìka ọwọ́, tó o ní kí n bá ọ tọ́jú ẹ̀ títí wàá fi dé. Ó ti tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ. Tẹ́lẹ̀, tí ẹnikẹ́ni bá wọ ṣọ́ọ̀bù, á sáré wá síwájú gíláàsì láti wo ẹni tó dé, ìdí nìyẹn tó o fi ń pè é ní Alága. Kì í wá mọ́. Ó dorí kọ igun kan. Mi ò dárúkọ ẹ̀ nínú ìwé àkọ́kọ́ torí mi ò fẹ́ kó o máa ronú lẹ́nu iṣẹ́. Mo rò pé ojú ìwé kan péré ló kù tí màá fi wò ó sàn.

Sùlè Adékànmí


Hull
Ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù Karùn-ún, 2024

Bàbá mi,

Ẹ kọ "Ọmọ́lẹ́yẹ" sí mi. Láti ìgbà tí ẹ ti bí mi, ìgbà tí mo bá ṣẹ̀ yín gan-an nìkan lẹ máa ń pè mí bẹ́ẹ̀. Mo kà á nínú bọ́ọ̀sì, mo sunkún, ìyá òyìnbó kan fún mi ní bébà ìnujú.

Kí ló dé tí ẹ ò sọ pé Alága ni? Ká ní ẹ sọ ọ́ láti oṣù Kejì, mi ò bá ti wọkọ̀ lọ bá wọn ní ọ́fíìsì wọn, bó ti wù kó jìnnà tó. Ẹ jẹ́ kí n rò pé ẹ kàn ń ṣe ìjà ìwé lásán. Inú bí mi sí yín, Bàbá, mo sọ ọ́ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

Mo pe ọ́fíìsì wọn. Obìnrin tó gbé fóònù ò kọ́kọ́ gbọ́ mi yé. Nígbà tí mo ní ẹja ń kú lọ ní Àpápá torí ojú ìwé kan, ó ní kí n dúró, ó pe ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ náà gan-an wá. Bàbá, ẹni yẹn ń sin ẹja. Ó bi mí bí Alága ṣe tóbi tó àti ohun tó ń jẹ. Àwòrán tó pọ̀ tí ẹ ń bínú sí, inú ń bí òun náà sí i, ó ní wọ́n máa ń gé ọ̀rọ̀ òun kí àwòrán lè rí àyè. Wọ́n fi odindi ìwé náà ránṣẹ́ sí mi.

Mo ti ya fọ́tò ojú ìwé yẹn, mo fi ránṣẹ́ sórí fóònù Dickson ní ọjọ́ tó dé, ṣùgbọ́n ojúlówó ẹ̀ ló wà nínú àpò yìí. Ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣe ni pé kẹ́ ẹ yọ èédú kúrò nínú asẹ́ tó ń fọ omi. Èédú, Bàbá! Èédú tí ẹ máa ń fọ́, tí ẹ máa ń dì sínú aṣọ, tí ẹ fi sínú asẹ́ kí omi lè mọ́ gaara. Gbogbo fílájì tí ẹ ń dà sí i, èédú ló ń mu ún, kò dé ọ̀dọ̀ Alága rárá. Wọ́n ní kẹ́ ẹ pààrọ̀ ìdajì omi, kẹ́ ẹ sì fi oògùn sínú oúnjẹ ẹ̀ dípò omi.

Mi ò mọ̀ bóyá ó ti pẹ́ jù. Ẹ sọ òótọ́ fún mi, bó bá tiẹ̀ ti kú.

Ọmọ yín


Malu Road, Àpápá
Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kẹfà, 2024

Àdùfẹ́,

Kò kú.

Ní ọjọ́ tí Dickson sáré gbé fóònù ẹ̀ wá ni mo yọ èédú yẹn, mo jù ú sínú gọ́tà. Odindi ọ̀sẹ̀ kan, Alága ò fẹnu kan nǹkan kan. Ebinimi ló fi edé tútù gbo fílájì, ó di í mọ́ orí igi, ó ń fì í níwájú ẹ̀ bí ẹni ń bẹ ọmọ kékeré. Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan lẹ́yìn náà, Alága yíjú, ó wò ó, ó gbà á mì. Ebinimi pariwo débi pé àwọn fọkanáísà sáré wọlé wá, wọ́n rò pé iná ló gbé e. Ihò iwájú orí ẹ̀ ò fẹ̀ mọ́. Kò ní dí tán, àpá á wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n lánàá, nígbà tí mo ṣílẹ̀kùn, ó wá síwájú gíláàsì.

Dickson ka ojú ìwé náà sókè ní Sunday, gbogbo èèyàn sì gbọ́ òpin ọ̀rọ̀ òyìnbó wàyí. Perpetual wà níbẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n dé ibi èédú. Ó ní òun á gbé ìwé mi tó bá tún ń bọ̀, kó wúwo bó ṣe fẹ́. Sọ fún ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ náà pé mo dúpẹ́, kó sì bá àwọn ọ̀gá ẹ̀ jà lórí àwòrán yẹn.

Ó ku ìkan, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹja.

Mo ka àwọn ìwé tó o kọ láti ọdún tó kọjá bí mo ṣe máa ń ka ẹrù. O kó kúrò nílé, o ò sọ ìdí. Mo kí Onoriode, o fò ó. Mo wá béèrè ẹ̀, o tún fò ó. O ní o máa ń jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì gé ìwé. Ilé tó o fi hàn mí nínú fọ́tò níjọ́sí ní pálọ̀ àti tábìlì ńlá. "Ara mi le, iṣẹ́ ń lọ", ìgbín nìyẹn, Àdùfẹ́. Mo ṣí ojú ìwé, mo bá ìgbín pàdé.

Láti oṣù Kejì ni mo ti ń pariwo lórí ìwé òyìnbó tí kò pé. Ìwé ọmọ mi ò pé, mi ò rí i. Inú ń bí mi sí ara mi, inú ń bí mi sí ìwọ náà. Fi ìyókù ránṣẹ́. Má wo bó ṣe wúwo tó.

Bàbá rẹ


Hull
Ọjọ́ ọgbọ̀n oṣù Kẹfà, 2024

Bàbá mi,

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ebinimi, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Nígbà tí mo kà á pé Alága gba edé, mo jókòó sórí àtẹ̀gùn, mo rẹ́rìn-ín èmi nìkan.

Ìyókù nìyí.

Onoriode ti lọ láti oṣù Kọkànlá. Ó wà ní ìlú mìíràn pẹ̀lú obìnrin mìíràn, wọ́n sì ti bímọ. Òun ló sọ fún mi fúnra ẹ̀, nídìí tábìlì ńlá yẹn, nígbà tí mò ń bu oúnjẹ fún un. Mi ò lè dá sanwó ilé náà. Yàrá kan ni mo wà báyìí, èmi àti àwọn mẹ́ta tí mi ò mọ̀ rí la jọ ń lo kíṣìn. Mo gba iṣẹ́ alẹ́ torí pé alẹ́ ni mi ò lè sùn. Mi ò sọ fún yín torí pé ẹ̀yin lẹ bá mi tọrọ ààyè lọ́dọ̀ àwọn ẹbí pé kí n fẹ́ ẹ, nígbà tí gbogbo wọn ń sọ pé kì í ṣe Yorùbá, kì í ṣe Mùsùlùmí. Mi ò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni wá bá yín lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù kó ní òun ti wí i. Mo rò pé mò ń ràn yín lọ́wọ́ ni.

Mo fẹ́ wálé. Mi ò tíì mọ ìgbà tí mo máa wá. Ẹ má bi mí léèrè ẹ̀ nínú ìwé tó ń bọ̀, ẹ kàn jẹ́ kí n sọ ọ́.

Perpetual ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ìwé oṣù Kẹfà wà lọ́wọ́ ẹ̀, ó pé, tòun ti gbogbo ìpolówó inú ẹ̀. Ìwé yìí náà pé, mi ò gé nǹkan kan níbẹ̀. Ṣùgbọ́n Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí Dickson ka eléyìí sókè lọ́jọ́ Sunday.

Àdùfẹ́ yín